SÓJÀ LÁÀÁRÍN WA: Ọ̀WỌ̀ NI Ó TỌ́ SÍ WỌN NI, TÀBÍ ÌBÁWÍ?

Ọ̀rọ̀ tí a sọ níbi ìkówójọ fún gbọ̀ngàn ẹgbẹ́ àwọn ọmọ Yorùbá, ní ìlú Kàdúná

  Ohun tí a tìtorí rẹ̀ péjọ, Ọlọ́run yóò jẹ́ kó yọrí sí rere. Àṣẹ.

Ẹ jọ̀ọ́, ẹ má retí ọ̀rọ̀ ìwé gíga lẹ́nu wa. Ìwé mẹ́fà péré ni a kà kí wọ́n tó mú wa wá sí ẹnu ọjà. Abọ́, ike àti ìkòkò ni a ń tà, bí baba wa ti ń tà wọ́n kí wọ́n tó fi ayé sílẹ̀. Ohun tí ọjà kọ́ wa, àti ohun tí ojú wa rí ní ìlú yìí, ni a óò sọ.

Ẹni tó bá wá sí ìpàdé wa ti oṣù tó kọjá mọ ìdí tí ìgbìmọ̀ fi ní kí a wá sọ̀rọ̀ lónìí. Lọ́jọ́ náà ni wọ́n fi àwòrán gbọ̀ngàn tí a fẹ́ kọ́ hàn wá, inú gbogbo wa sì dùn. Ìgbà tí akọ̀wé kà á dé ibi tí wọ́n ti ní a óò fi òkúta kan sí ara ògiri lẹ́bàá ẹnu ọ̀nà, tí a óò kọ orúkọ àwọn ọmọ Yorùbá ìlú yìí tí wọ́n kú sẹ́nu iṣẹ́ ológun sí i, ni ọ̀rọ̀ dàrú. Bàbá kan nínú wa dìde, wọ́n ní, "Ẹ kò ní í kọ orúkọ sójà kankan sára ilé tí èmi dá owó sí." Wọ́n ká ṣòkòtò sókè, wọ́n fi àpá orúnkún wọn hàn wá. Gbogbo wa la mọ ìtàn àpá náà. Ọjọ́ kan ni awakọ̀ bàbá yìí ya ọkọ̀ àwọn sójà kan sílẹ̀ lójú ọ̀nà. Àwọn sójà náà dá ọkọ̀ bàbá dúró, wọ́n ní kí àgbàlagbà tó ti lé ní ọgọ́ta ọdún máa fò bí ọ̀pọ̀lọ́ lórí ọ̀dà gbígbóná, níṣojú àwọn ọmọ ọmọ rẹ̀.

Màmá kan wà ní ìjókòó lọ́jọ́ náà tó jẹ́ pé orúkọ ọmọ wọn ni ì bá ṣáájú lára òkúta yẹn. Màmá kò fèsì. Wọ́n gbé báàgì wọn, wọ́n jáde. Láti ọjọ́ náà, wọn kò wá sí ìpàdé mọ́.

Ẹ̀yin ará wa, bàbá yẹn kò purọ́. Màmá yẹn náà kò sì ṣẹ ẹnikẹ́ni. Bí a kò bá rí ọ̀nà tí àwọn méjèèjì yóò fi lè jókòó sábẹ́ òrùlé kan, kí ni a ń kọ́ gbọ̀ngàn fún? Ìdí nìyí tí a fi gbà láti sọ̀rọ̀, bí ó tilẹ̀ jẹ́ pé òtítọ́ dọ́jà, ó kùtà.

Ìlú sójà ni Kàdúná. Kò sí ẹni tó lè gbé ìlú yìí kó sọ pé ọ̀rọ̀ sójà kò kan òun. Ilé ẹ̀kọ́ tí wọ́n ti ń kọ́ àwọn ọmọ tí yóò di ọ̀gá ológun, tí wọ́n ń pè ní NDA, ti wà níbí láti 1964. Ti Jaji, níbi tí àwọn ọ̀gá ti ń lọ fi ẹ̀kọ́ kún ẹ̀kọ́, láti 1976 ni. Zaria tí kò jìnnà sí wa ni wọ́n ti ń kọ́ àwọn kúrútù ní ìbọn yíyìn. Ọ̀gágun Benjamin Adékúnlé, tí wọ́n ń pè ní Àkeekèé Dúdú nígbà ogun abẹ́lé, ọmọ Ògbómọ̀ṣọ́ ni baba rẹ̀, ṣùgbọ́n Kàdúná níbí ni wọ́n gbé bí i ní 1936. Ọ̀pọ̀ nínú àwa tí a ń ṣòwò, bí kò bá sí ti àwọn ìyàwó bárékè tó ń ra ọjà lọ́wọ́ wa, a kò ní í rí owó ìsọ̀ san.

Ní ìsọ̀ tiwa, a ní ìwé kan tí a ń kọ àwìn sí. Gbogbo oníṣòwò tó wà níbí ló ní irú rẹ̀. Oníbàárà kọ̀ọ̀kan ló ní ojú ewé tirẹ̀. Ẹ jẹ́ kí a ṣí ojú ewé méjì níbẹ̀ fún yín.

Ojú ewé kìíní jẹ́ ti ìyàwó sójà kan. Ó máa ń gba kúlà àti ìkòkò lọ́wọ́ wa, á lọ tà á ní Máàmì Mákẹ́ẹ̀tì inú bárékè, tí oṣù bá parí á san owó. Ní 2014, wọ́n gbé ọkọ rẹ̀ lọ sí Borno lọ bá àwọn Boko Haram jà. Kò tó oṣù mẹ́rin tí àwọn sójà méjì fi wá kan ilẹ̀kùn rẹ̀ ní àárọ̀ kùtùkùtù. Ẹni tó bá ti gbé bárékè rí mọ ohun tí irú kíkàn bẹ́ẹ̀ jẹ́. Nígbà tí a gbọ́, a ti sọ nínú ọkàn wa pé a óò fa ojú ewé yẹn ya, kí gbèsè náà bá òkú lọ. Lọ́jọ́ kan ni obìnrin yìí wọlé wá. A rò pé ẹ̀bẹ̀ ló fẹ́ bẹ̀. Ó tú etí ìró rẹ̀, ó ka ẹgbẹ̀rún méjì náírà sórí káńtà, ó ní, "Bàbá, ẹ yọ ọ́ nínú rẹ̀. Ẹ má pa á rẹ́ o. Ọkọ mi kò jẹ gbèsè rí, kò ní í jẹ gbèsè nígbà tó kú." Oṣù mẹ́rìnlá gbáko ló fi san án tán. Nínú oṣù mẹ́rìnlá náà, owó tí ìjọba ní láti san lórí ọkọ rẹ̀ kò tíì jáde, wọ́n sì ti ní kó kó ẹrù kúrò nínú yàrá bárékè kí ẹlòmíràn lè wọ̀ ọ́.

Ojú ewé kejì jẹ́ ti ọ̀gá sójà kan. A kò ní í dárúkọ rẹ̀, a kò sì ní í dárúkọ bárékè rẹ̀. Ó fẹ́ sọ ọmọ lórúkọ, ó ní kí a kó ọgọ́fà abọ́ pẹ̀lú kúlà mẹ́wàá wá, òun yóò san owó tí ọjọ́ mẹ́jọ bá pé. Ọjọ́ mẹ́jọ di oṣù mẹ́jọ. Nígbà tí a lọ bi í léèrè, ó ní ta ni àwa tí a fi ń sin òun lówó. Ó pe àwọn ọmọ abẹ́ rẹ̀, wọ́n ní kí a bọ́ bàtà, kí a tú bẹ́líìtì, wọ́n tì wá mọ́ gádírúùmù láti àárọ̀ títí oòrùn fi wọ̀. Ojú ewé náà ṣì ṣí sílẹ̀ títí di òní.

Inú ìwé kan náà ni ojú ewé méjèèjì wà. Aṣọ kan náà ni ọkọ obìnrin yẹn àti ọ̀gá yẹn wọ̀. Ó dára. Ẹ̀yin oníṣòwò ẹgbẹ́ wa, a bi yín: ta ni nínú yín tí yóò gba gbèsè ọ̀gá yẹn lọ́wọ́ opó yẹn? Ta ni yóò sì tìtorí òótọ́ inú opó yẹn kó wá sọ pé ọ̀gá kò jẹ òun ní nǹkan kan mọ́? Ẹni tó bá ń ṣírò bẹ́ẹ̀, kò ní í pẹ́ kó tó kógbá wọlé. Ohun tí a wá sọ kò ju ìyẹn lọ. Ọ̀wọ̀ kò sí lára aṣọ sójà, bẹ́ẹ̀ ni ẹ̀bi kò sí lára aṣọ náà. Ẹni tó wọ̀ ọ́ ni kí a wò, àti ohun tó ṣe nígbà tó wọ̀ ọ́. Kí ẹnì kọ̀ọ̀kan ní ojú ewé tirẹ̀.

Ẹ jẹ́ kí a rántí 29 oṣù keje, 1966, ní Ìbàdàn. Ọ̀gágun Adékúnlé Fájuyì, ọmọ Adó-Èkìtì, ni gómìnà Ìwọ̀-Oòrùn nígbà náà, Ọ̀gágun Aguiyi-Ironsi tó jẹ́ olórí ìjọba sì wà lọ́dọ̀ rẹ̀ gẹ́gẹ́ bí àlejò. Àwọn sójà tó dìtẹ̀ yí ilé ìjọba ká, wọ́n mú àwọn méjèèjì, wọ́n sì pa wọ́n. Ìtàn tí gbogbo Yorùbá ń sọ títí di òní ni pé Fájuyì kọ̀ láti fi àlejò rẹ̀ sílẹ̀. Sójà ni ẹni tí kò da àlejò rẹ̀. Sójà ni ẹni tó da ọ̀gá rẹ̀. Aṣọ kan náà ni wọ́n wọ̀ lóru ọjọ́ kan náà, nínú ọgbà kan náà. Ẹni tó bá ní gbogbo sójà ni ọ̀wọ̀ yẹ, ti bu ọlá fún àwọn tó pa Fájuyì. Ẹni tó bá sì ní kò sí sójà kan tí ọ̀wọ̀ yẹ, ti tàbùkù Fájuyì pẹ̀lú wọn.

Ẹ̀yin tí ẹ ti wà ní ìlú yìí ní oṣù kejì 2000, ẹ ó rántí. Ìjà Ṣàríà bẹ́ sílẹ̀. Mùsùlùmí ń pa Kìrìsìtẹ́nì, Kìrìsìtẹ́nì ń pa Mùsùlùmí, èéfín bo gbogbo ìlú. Àwa, ìyàwó wa, ọmọ méjì àti ọmọ iṣẹ́ kan wà nínú yàrá, a ti ilẹ̀kùn, a ń gbọ́ ariwo àwọn ọ̀dọ́ ní orí àdúgbò. Ọkọ̀ akẹ́rù àwọn sójà kan yà wọ àdúgbò wa. Ẹni tó ṣáájú wọn, a kò rò pé ó tó ọdún márùndínlọ́gbọ̀n. Ilà ojú rẹ̀ kì í ṣe tiwa, èdè rẹ̀ kì í ṣe tiwa. Ó bọ́ sílẹ̀, ó dúró sí àárín títì, ó ní kí gbogbo ẹni tó bá ń sápamọ́ jáde wá. Kò bi ẹnikẹ́ni pé ìsìn wo lò ń ṣe. Ìyàwó lèmọ́mù àti ìyàwó pásítọ̀ jókòó fẹ̀gbẹ́ kẹ̀gbẹ́ nínú ọkọ̀ yẹn. Òun ni ó gùn ún kẹ́yìn. Inú bárékè ni a sùn fún ọjọ́ mẹ́ta, lórí koríko, àwọn ìyàwó sójà sì ń fún àwọn ọmọ wa ní kókó mu. Ẹgbẹẹgbẹ̀rún èèyàn ló sá wọ bárékè lọ́jọ́ wọ̀nyẹn. A kò bi ọmọkùnrin náà ní orúkọ rẹ̀. Títí di òní a kò mọ̀ ọ́n. Bí ó bá wà láàyè, kí Ọlọ́run jẹ́ kó jẹun ọmọ. Bí ó bá ti kú, a fẹ́ kí ibì kan wà tí wọ́n kọ orúkọ rẹ̀ sí.

Èyí ni ọ̀wọ̀. Ẹ jẹ́ kí a sọ ti ẹ̀bi pẹ̀lú, kí ẹnikẹ́ni má rò pé a wá ṣe agbẹnusọ fún àwọn sójà.

Àwọn àgbà wa tó wà ní Òkè-Ọya ní 1966 rí ohun tí àwọn sójà kan ṣe sí àwọn Ígbò. Ní oṣù kẹwàá 1967, ní Àsábà, àwọn ará ìlú tú jáde, wọ́n ń jó, wọ́n ń kí àwọn sójà ìjọba àpapọ̀ káàbọ̀. Àwọn sójà ya ọkùnrin àti ọmọdékùnrin sọ́tọ̀, wọ́n sì yìnbọn pa ọgọ́rọ̀ọ̀rún wọn. Ní oṣù kọkànlá 1999 wọ́n sun ìlú Odi ní ìpínlẹ̀ Bayelsa. Ní oṣù kẹwàá 2001 wọ́n ṣe bẹ́ẹ̀ ní Zaki Biam ní ìpínlẹ̀ Benue. Òótọ́ ni pé wọ́n ti kọ́kọ́ pa ọlọ́pàá ní Odi, wọ́n sì ti pa sójà ṣáájú ti Zaki Biam. Ṣùgbọ́n ṣé ìyá arúgbó tí wọ́n sun ilé rẹ̀ ló pa wọ́n? Kí a má sì sọ pé ẹ̀yà mìíràn ló ń ṣe é. Ọmọ Yorùbá, tó ti jẹ́ ọ̀gá ológun rí, ni ààrẹ tó wà lórí àga ní ọdún méjèèjì wọ̀nyẹn.

Ní itòsí wa níbí, ní Zaria, ní oṣù kejìlá 2015, àwọn sójà pa èèyàn tó lé ní ọ̀ọ́dúnrún (300) nínú àwọn Ṣíà. Ìgbìmọ̀ ìwádìí tí ìjọba ìpínlẹ̀ Kàdúná fúnra rẹ̀ gbé dìde sọ bẹ́ẹ̀ ní 2016. Ní 3 oṣù kejìlá, 2023, ní Tudun Biri, ní ìjọba ìbílẹ̀ Igabi, àwọn ará abúlé ń ṣe Máólúùdì lọ́wọ́ nígbà tí ọkọ̀ òfuurufú ológun tí kò ní awakọ̀ ju bọ́ǹbù lù wọ́n. Ó lé ní ọgọ́rin (80) èèyàn tó kú. Iléeṣẹ́ ológun gbà pé àṣìṣe ni. Àṣìṣe ni lóòótọ́, ṣùgbọ́n ẹni tó kú kò mọ̀ pé àṣìṣe ni. Bí a bá ń kan sáárá sí sójà tí a kò sì lè sọ irú nǹkan wọ̀nyí síta, ìbẹ̀rù ni ìyẹn, kì í ṣe ọ̀wọ̀.

Nígbà tí a bá sì ń ka ẹ̀bi, kí a má ṣe dúró lórí ẹni tó di ìbọn mú. Ẹni tó rán an ńkọ́? Nígbà ogun Hitler, wọ́n kó àwọn ọmọ Ìwọ̀-Oòrùn Áfíríkà lọ sí Bọ́mà láti 1943 dé 1945 láti bá àwọn ará Japan jà. Ọ̀kan nínú wọn ni Isaac Fadoyebo, ọmọ Èmùrè-Ilé lẹ́bàá Ọ̀wọ̀. Ọmọ ọdún mẹ́rìndínlógún ni nígbà tó wọ iṣẹ́ ológun. Ní 1944, ìbọn bà á ní ẹsẹ̀ àti ikùn, àwọn ẹgbẹ́ rẹ̀ kú yí i ká, òun àti ará Sierra Leone kan ni wọ́n kù nínú igbó. Àwọn ará abúlé ibẹ̀, tí wọ́n jẹ́ Mùsùlùmí, ló fi wọ́n pamọ́ tí wọ́n sì bọ́ wọn fún oṣù mélòó kan, títí àwọn tiwọn fi padà dé. Ó padà sílé, ó kọ ìtàn ara rẹ̀ sílẹ̀, ó sì kú ní 2012. Ta ni ó bá a jà? Kí ni ọmọ Èmùrè-Ilé mọ̀ nípa ìjà Gẹ̀ẹ́sì àti Japan? Wọ́n rán an ni.

Nílé wa níbí náà, ní 2014, ilé ẹjọ́ ológun dájọ́ ikú fún ọ̀pọ̀ sójà tí wọ́n kọ̀ láti lọ bá Boko Haram jà, tàbí tí wọ́n ṣọ̀tẹ̀ sí ọ̀gá wọn. Wọ́n ní wọn kò fún àwọn ní ohun ìjà tó tó. Lẹ́yìn náà ni wọ́n yí ìdájọ́ ọ̀pọ̀ nínú wọn padà sí ẹ̀wọ̀n. Ní 2015 ni ìjọba kéde pé ìwádìí ti fi hàn pé owó ohun ìjà tó lé ní bílíọ̀nù méjì dọ́là ti gba ọ̀nà ẹ̀bùrú lọ. Ẹ̀yin ará, bí ọkọ obìnrin tí a sọ ìtàn rẹ̀ bá di ìbọn tí kò ní ọta, sí ojú ewé ta ni kí a kọ ikú rẹ̀ sí? Àwọn ajagunfẹ̀yìntì tí wọ́n lọ tò síwájú iléeṣẹ́ ìṣúná ní Àbújá, tí wọ́n ń bèèrè ẹ̀tọ́ wọn, àgbà ni wọ́n, ìgbà èwe wọn ni wọ́n fi sin ìlú. Ní ọdọọdún, ní 15 oṣù kìíní tí ogun abẹ́lé parí ní 1970, àwọn olóṣèlú ń lẹ ohun ìrántí mọ́ àyà, wọ́n ń fi òdòdó sí ibojì sójà tí a kò mọ orúkọ rẹ̀. Ó dára, ṣùgbọ́n òdòdó kò ṣe é sè fún àwọn ọmọ opó jẹ.

Ó ku ojú ewé kan, tiwa ni. Nígbà tí àwọn ológun gba ìjọba ní 31 oṣù kejìlá, 1983, ọmọdé ni wá, a sì rí àwọn àgbà tó ń jó. Wọ́n ní ó tó gẹ́ẹ́ fún àwọn olóṣèlú. Ọdún mẹ́wàá lẹ́yìn náà, ìjọba ológun fagi lé ìbò 12 oṣù kẹfà, 1993, ọ̀pọ̀ Yorùbá sì ń kó ẹrù sínú ọkọ̀, wọ́n ń sá kúrò ní Òkè-Ọya padà sílé. Ẹni tó jó nígbà tí ológun wọlé kò gbọ́dọ̀ sọ pé òun kò mọ ẹni tó ṣí ilẹ̀kùn.

Èyí tó sì wúwo lọ́kàn wa jù, àwa fúnra wa ni a ṣe é. Ọdún méjì ṣáájú kí wọ́n tó tì wá mọ́ gádírúùmù, oníbàárà wa kan jẹ wá lówó, ó ń fi wá ṣeré. Dípò kí a lọ bá àwọn àgbà ọjà, sójà kan tí a mọ̀ ni a lọ bá. A fún un ní owó epo. Ó mú ọmọkùnrin méjì dání, wọ́n lọ gbá oníbàárà náà létí níwájú ìyàwó rẹ̀. Kò tó wákàtí kan tí gbogbo owó wa fi pé. A ṣe bí akọni lọ́jọ́ náà. Ṣùgbọ́n títí di òní, bí a bá pàdé obìnrin yẹn lọ́jà, ojú wa kì í lè dúró lójú rẹ̀. Kò bàá ṣe pé a wà nìkan. Ẹ̀yin tí ẹ ń wolẹ̀ nísinsìnyí, ẹ mọ ara yín. Kòbókò tí a fi lé wọn lọ́wọ́ láti fi na aládùúgbò wa ni wọ́n padà fi ń na àwa náà. Ìbọn ní apátí, kò ní apátí, ta ni yóò jẹ́ kí a dojú rẹ̀ kọ òun?

Nítorí náà, àbá mẹ́rin ni a mú wá.

Èkíní, kí òkúta náà wà. Ṣùgbọ́n kí a má ṣe kọ ọ́ síbẹ̀ pé a bu ọlá fún iṣẹ́ ológun lápapọ̀. Kí a kọ orúkọ ọmọ kọ̀ọ̀kan, ìlú baba rẹ̀, àti ọdún tó kú. Kí ìgbìmọ̀ wádìí ìwà ẹnì kọ̀ọ̀kan lọ́dọ̀ àwọn tó mọ̀ ọ́n kí a tó fín orúkọ rẹ̀.

Èkejì, kí ẹgbẹ́ ní ìwé kan tí akọ̀wé yóò máa kọ ìyà tí sójà bá fi jẹ ọmọ ẹgbẹ́ sí: ọjọ́, ibi tó ti ṣẹlẹ̀, orúkọ tó wà láyà aṣọ, nọ́ńbà ọkọ̀. Kí àwọn àgbà mú un tọ ọ̀gá wọn lọ pẹ̀lú ìwà pẹ̀lẹ́. Àwọn ọ̀gá kan wà tí wọ́n ń gbọ́, iléeṣẹ́ ológun fúnra rẹ̀ sì dá ọ́fíìsì kan sílẹ̀ ní 2016 fún irú ẹ̀sùn báyìí. Ìyà tí wọ́n fi jẹ bàbá wa ni kó jẹ́ àkọ́kọ́ nínú ìwé náà.

Ẹ̀kẹta, nínú owó tí a bá pa lónìí, kí a yọ ìdá kan nínú mẹ́wàá sọ́tọ̀ fún owó ilé ìwé àwọn ọmọ tí baba wọn kú sí ojú ogun, títí ẹ̀tọ́ wọn yóò fi jáde.

Ẹ̀kẹrin, ọmọ ẹgbẹ́ tó bá tún lọ pe sójà láti gba gbèsè tàbí láti bá a lu ẹnikẹ́ni, kí ó san owó ìtanràn, kí ó sì dìde ní ìpàdé tọrọ àforíjì. Àwa ni a óò kọ́kọ́ san tiwa. Owó náà wà lápò wa níbí, a óò kó o fún akápò kí a tó jókòó.

Ní ọjọ́ Àìkú tó kọjá, a lọ sílé màmá tó bínú jáde. A bẹ̀ wọ́n. Wọ́n ní àwọn kò bínú sí bàbá, pé ọmọ àwọn fúnra rẹ̀ máa ń sọ pé ohun tí àwọn kan nínú wọn ń ṣe lójú ọ̀nà ń ti òun lójú. Wọ́n ní ohun kan ṣoṣo tí àwọn fẹ́ ni pé kí a má ṣe fi orúkọ ọmọ àwọn gba gbèsè ẹlòmíràn. A dé ọ̀dọ̀ bàbá náà, a sọ èyí fún wọn. Bàbá dákẹ́ títí, lẹ́yìn náà ni wọ́n bèèrè pé, "Kí ni orúkọ ọmọ náà?" A sọ ọ́ fún wọn. Wọ́n ní, "Ẹ kọ ọ́ síbẹ̀."

Àwọn méjèèjì wà níbí lónìí. A kò ní í tọ́ka sí wọn. Ṣùgbọ́n a dúpẹ́ lọ́wọ́ wọn, nítorí pé àwọn ni wọ́n ti kọ́ gbọ̀ngàn yìí tán kí a tó ra búlọ́ọ̀kù kan.

Ó wá ku ọwọ́ ẹ̀yin tó kù. Agbájọ ọwọ́ la fi ń sọ̀yà. Ẹ tọwọ́ bọ àpò o. Kí Ọlọ́run tu àwọn opó nínú, kó ṣọ́ àwọn ọmọ tó wà lójú ogun, kó fún àwọn tó ń rán wọn ní ojú àánú, kó sì jẹ́ kí a kọ́ ilé yìí ní àkọ́yọ. Ilé làbọ̀ sinmi oko. A kò ní í kú sí oko o. Àṣẹ.